Ta Ló Ń Jẹ Iná Wa?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà ènìyàn, ẹ má wulẹ̀ bá a rin ìrìn-àjò rárá. Ẹ bá a gbé inú ilé tí mítà ẹyọ kan ṣoṣo wà. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Mòwé, ohun tí ojú mi sì ti rí níbẹ̀, ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ìdílé méje ni wá. Mítà alásansílẹ̀ kan ni onílé gbé kọ́ ara ògiri ẹ̀yìnkùlé. Oṣooṣù ni à ń dá owó, a ó ra iná, a ó tẹ nọ́ńbà ogún náà sínú mítà, ara a sì tù wá díẹ̀. Àmọ́ bí yúníìtì bá ti ń sún mọ́ ìparí báyìí, ìjà ti dé nìyẹn. “Ta ló ń jẹ iná wa?” Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń kí ara wọn káàárọ̀ nílé wa.

Nígbà tí iná ṣì rọjú, ta ló ráyè ìyẹn? Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí NERC, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà ní Band A máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan. Náírà 68 ni tẹ́lẹ̀. Band A ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Wọ́n dín in kù sí 206.80 nínú oṣù karùn-ún, ó tún gòkè sí 209.50 nínú oṣù keje ọdún náà. Bí ẹ bá bu owó-orí ọjà lé e, ẹ ó tún padà bá 225 náírà yẹn níbi tí ẹ fi í sí. Band A ni wọ́n kó àdúgbò tiwa sí. Bí owó iná wa ṣe di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣù fún ìdílé kọ̀ọ̀kan nìyẹn, dọ́gba-dọ́gba, ì báà jẹ́ ẹni tó ní fírísà, ì báà jẹ́ ẹni tó ní gílóòbù kan.

Ẹni tó ní gílóòbù kan yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Màmá àgbà kan wà ní yàrá ìparí, opó ni. Gílóòbù kan, fáànù kékeré kan àti rédíò ni gbogbo ohun tó ń lo iná lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lòun náà ń san. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2025, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Akọ̀wé, jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé iná yàrá mi. Àtùpà tó mi í lò.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi lóṣù kan.”

Ìyá ẹlẹ́ja ni gbogbo ilé gbé ẹjọ́ náà kà lórí, nítorí fírísà ńlá tó ń kó ẹja títù sí. Ìyàwó tísà ni ohùn rẹ̀ sì ròkè jù lọ. Ó ní fírísà yẹn ń jẹ iná bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá já wọ oko ẹ̀gẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja ní òun kò jẹ iná ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ń búra, kò sì sí ẹni tó ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́.

Òṣùwọ̀n yẹn ni mo ń wá kiri tí mo fi rántí pé àbúrò mi kan ní Peckham, nílùú London, ti fi púlọ́ọ̀gì mẹ́ta kan ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní smart plug. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni bíi tiwa níbí, nítorí ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà là ń lò. Ẹ ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó wá ki fírísà bọ òun náà. Yóò máa wọn iye iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rí i lójú fóònù yín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti ilé-iṣẹ́, kì í bá fóònù yín sọ̀rọ̀ tààrà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí, sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó wà lókè òkun, kí ó tó tibẹ̀ padà wá bá yín ní Mòwé. Bí dátà bá ti tán lórí fóònù, òṣùwọ̀n ti dákẹ́. Ẹ wò ó ná: fírísà wà ní yàrá kejì sí mi, àlejò tí n kò mọ̀ rí ló sì ń bá mi ka iná rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe ọmọkùnrin kan fún mi ní Ìfọ̀, tó ń tún fóònù ṣe. Ọ̀nà jìn díẹ̀. Etí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni Mòwé wà, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì ni Ìfọ̀. Mo wọkọ̀ dé Berger, mo wọ òmíràn gba Agége, mo dé Ṣàngó, ó di Ìfọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà yóò rántí pé Ìfọ̀ ni ojú irin ayé àtijọ́ ti pín sí méjì, tí ẹ̀ka kan gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò.

Ọmọ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó tú púlọ́ọ̀gì náà, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ohun mẹ́ta ló ní kí n wò: ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á, chip kékeré tó ń wọn iná, àti ọpọlọ tó ń fi Wi-Fi sọ̀rọ̀. ESP8266 ni wọ́n ń pe ọpọlọ náà, ilé-iṣẹ́ Espressif ti Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà ló ń ṣe é. Àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ọpọlọ yìí ni firmware. Ó ní a lè pa èyí tó bá a wá rẹ́, kí a kọ òmíràn sí i, tí yóò máa fi ìṣirò rẹ̀ han ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi ilé, tí kò sì ní ránṣẹ́ lọ sí òkè òkun mọ́. Tasmota ni orúkọ èyí tó fẹ́ lò. Ọkùnrin ará Netherlands kan, Theo Arends, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tuntun òde òní kì í lo ESP mọ́, Tasmota kò sì ní wọlé sínú wọn.)

Ó jó wáyà tín-ín-rín mẹ́rin mọ́ ọn, ó fi ohun kékeré kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó so wáyà karùn-ún mọ́ ibì kan kí ọpọlọ náà lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tuntun ń bọ̀. Ó kìlọ̀ fún mi gidigidi pé kò gbọdọ̀ sí iná ilé nínú púlọ́ọ̀gì náà ní gbogbo àkókò yẹn. Iná 3.3 volt láti ara kọ̀ǹpútà ti tó o. Ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú inú rẹ̀ ní títú sílẹ̀, iná 230 volt lè gba ara wáyà yẹn wọ inú kọ̀ǹpútà, kí ó sì pa ẹni tó dì í mú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi parí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ṣe tẹ̀lé e ló wú mi lórí jù. Ó ní òṣùwọ̀n tí a kò bá tíì dán wò, irọ́ lásán ni. Ó gbé gílóòbù àtijọ́ kan, olókùn inú, 60 watt. Mo ní ṣé kí a kúkú sọ fún un pé 60 nìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ ti iná tó pé. Ẹ wo iye iná tá a ní.” Ó fi tẹ́sítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, 194 volt ni. Gílóòbù 60 kò lè jẹ 60 níbẹ̀. Ó wọn iye iná tó ń wọ gílóòbù náà, ó fi volt sọ ọ́ di púpọ̀, èsì yẹn ló sì tẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì pé kó gbà.

Mo dé ilé, mo ṣàlàyé fún wọn ní ìpàdé. Bàbá awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì dìde, ó ní, “Akọ̀wé, mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n o mọ kóńgò Ìbàfo, tí wọ́n ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ sókè kó lè gba gàrí díẹ̀? Ẹni tó tú inú òṣùwọ̀n wò, tó tún un kọ, báwo la ṣe mọ̀ pé kò lu ìdí tirẹ̀ náà?” Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò bí mi nínú rárá. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá lè kó wa, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn tọwọ́ bọ mítà, òfin iná mànàmáná ọdún 2023 sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní a kò fọwọ́ kan mítà. Lẹ́yìn mítà, nínú yàrá wa, ni púlọ́ọ̀gì wà.

Bàbá ló dá ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, gbogbo ilé pa ohun gbogbo. Fírísà, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ooru mú wa bí àkàrà inú epo. Hot plate ìyàwó tísà nìkan la tàn, nípasẹ̀ púlọ́ọ̀gì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀. Mítà wa ní iná pupa tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé bó bá ṣẹ́jú ní ìgbà 1000, yúníìtì kan ti lọ. Bàbá dúró tì í pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka á sókè. Ní ìṣẹ́jú kìíní, 17. Ní ìkejì, 18. Mo wo fóònù: 1,046 watt. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó jẹ́ 17 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, mítà kúrò ní 41.63, ó di 41.11. Òun ti jẹ 0.52. Púlọ́ọ̀gì ka 0.51. Bàbá wo mítà, ó wo fóònù, ó ní, “Ó dáa. Ẹ tan fáànù.”

Ọ̀sẹ̀ kan la fi wọn ohun mẹ́ta tó tóbi jù nílé: fírísà, hot plate, àti fíríìjì tèmi. Alaalẹ́ ni ọmọ tísà ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé eléwé ogójì, kí ó má baà jẹ́ ojú fóònù tèmi nìkan ló wà. Fírísà jẹ yúníìtì 14.7. Hot plate jẹ 22.4. Fíríìjì tèmi jẹ 7.

Ilé pa lọ́lọ́ nígbà tí wọ́n ka èyí. Ìyá ẹlẹ́ja kò yọ̀, nítorí òun náà mọ̀ pé 14.7 kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí a ṣe pín in, ẹni tó ní ohun ńlá á san tirẹ̀, a ó sì pín ìyókù sọ́nà méje. Owó ìyá ẹlẹ́ja di ẹgbẹ̀rún 18, ti tísà lé ní ẹgbẹ̀rún 25, tèmi fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti màmá àgbà sì di nǹkan bí 3,900. Ìyàwó tísà sunkún. Ó ní, “Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ràn hot plate ni? Owó gáàsì ló lé mi débẹ̀.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. A fi oṣù méjì jìn ín, pé ìdajì àfikún náà ni wọ́n á san títí tí wọ́n á fi rí sílíńdà ra.

Ti fírísà rọrùn díẹ̀. Mo bá ìyá ẹlẹ́ja lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìbàfo. Ó wá, ó fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn fírísà, ó pa á dé, ó fà á, owó yọ wẹ́rẹ́. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti gbó, atẹ́gùn gbígbóná ń wọlé. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, 11.3 ni fírísà jẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù báyìí ni ti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Màmá àgbà ló gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní báwo ni òun tó ń pọn garawa méjì ṣe ń san owó kan náà pẹ̀lú ilé ọlọ́mọ mẹ́fà? Wọn kò fi púlọ́ọ̀gì so ẹ̀rọ náà, ara wáyà tààrà ló wà, ó sì máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ọmọkùnrin Ìfọ̀ ní irú òṣùwọ̀n mìíràn ni yóò gbà á. Ó ní kí n ya àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí òun kó tó di Sátidé.