Orúkọ Inú Ìwé Bàbá Ìgbàjà

Láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, kò sí ìròyìn: a gbéra ní kùtùkùtù, a sì débẹ̀ láyọ̀. A wọ ọkọ̀ mìíràn, a gba Ìdòfìàn, ó di Ìgbàjà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé ló ń kó lọ sílé tuntun, mo sì lọ bá a kẹ́rù.

Kòtò wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kòtò kọ́ ló ń ba àwọn èrò ọkọ̀ wa lẹ́rù. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, tí àwọn agbébọn pa àwọn fijilanté ní Òkè-Òde, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tí Ìgbàjà wà yìí kan náà, ojú gbogbo ènìyàn kì í kúrò lára aago. Ìyá kan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ra iṣu lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kí àwọn délé ná. Ó dùn mí. Ọ̀nà tí èèyàn ò ti lè dúró ra iṣu ní ọ̀sán gangan, ìyà ń jẹ olùrà, ìyà ń jẹ olùtà.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a kó ẹrù tán, mo ṣẹ́rí sí ilé kan tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Inú ilé kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò. Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, àwùjọ kékeré kan yí bàbá arúgbó kan ká. Rédíò kan wà lórí itan bàbá náà, wọ́n fi rọ́bà de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́. Kwara United ló ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn odi, wọ́n ń gbọ́ ọ láti Ìlọrin.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Ó sún, ó fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì.

"Jókòó síbí, ọmọ mi. Níbo lo ti wá?"

Mo ní Ìbàdàn ni.

"Áà, ará Shooting Stars! Ẹ bá mi fún àlejò wa ní wàrà."

Obìnrin tó ń dín wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bu ata sí i, ó gbé e fún mi lórí bébà, ooru ṣì ń rú lára rẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kí n sanwó. Mo ti wọ ìlú tí wọ́n ti wo aṣọ ọrùn mi kí wọ́n tó kí mi. Ọkùnrin tí kò mọ̀ mí rí yìí gbọ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn ni mo ń tì lẹ́yìn, oúnjẹ ló kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n jẹ Kwara United ní góòlù kan. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀.

"Kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn lónìí!" Ọlọ́kadà kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan dá a lóhùn pé ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni? Ó ní owó ni kí ìjọba tó ni ẹgbẹ́ máa san lásìkò, agbábọ́ọ̀lù tí ebi ń pa ò lè sáré. Ọmọkùnrin kan tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù tó ti ya létí sọ tirẹ̀: àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá wà ní Òmù-Àrán, wọ́n wà ní Èsìẹ́, wọ́n wà níbí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wá wò wọ́n.

Bàbá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni. Ó mú ìwé kan jáde nínú àpò agbádá, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò, ó ṣí i síwájú mi. Ojú ewé kan fún sáà kan. Bírò aláwọ̀ búlúù ló fi kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Kwara United ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹni tó bá ti lọ, bàbá á fa ìlà pupa gba orí orúkọ rẹ̀. Mo ń ṣí ìwé náà lọ, pupa ń pọ̀ sí i. Àwọn ojú ewé kan wà tó jẹ́ pé díẹ̀ lára orúkọ ibẹ̀ ni ìlà kò gbà kọjá.

Bàbá tọ́ka sí ojú ewé kan tí wọ́n fi rúlà fa ìlà yí ká. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ní Oníkàn, l'Ékòó, Kwara United àti Abakaliki FC gbá ọ̀mì 1-1 nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Ààrẹ. Nígbà tó di wò-mí-n-gbá-sí-ọ, Kwara United fi 4-3 borí. Láti ọdún 1945 ni wọ́n ti ń du ife yìí ní Nàìjíríà, ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2025 yẹn ni Kwara United ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Bàbá ní òun ò lè sùn mọ́jú.

Kò pẹ́ tí omi tútù fi dà sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án, Asante Kotoko ti ilẹ̀ Gánà já wọn kúrò nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Abẹ́òkúta ni Kwara United ti gba àlejò wọn, kì í ṣe Ìlọrin. Kotoko sì fi 4-3 lù wọ́n níbẹ̀.

"Mi ò bínú pé wọ́n lù wá," ni bàbá wí. "Ọdún 2017 la ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè padà láti líìgì kejì. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sísàlẹ̀, mo bá wọn gòkè wá. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí n mọ àwọn ọmọ yìí. Bí mo bá ti mọ orúkọ wọn tán, wọ́n á ti lọ."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ọlọ́kadà tó ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá gba ìwé náà, ó ń ka orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ogún ẹgbẹ́ ló wà ní líìgì wa, eré 38 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá, mẹ́rin sì ni yóò já lulẹ̀. Ìbẹ̀rù kí ẹgbẹ́ má já ló ń mú kí wọ́n máa bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ní àmì ayò láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òun náà kò ní ráyè kọ́ ọ̀dọ́langba, ẹni tó ti gbó nídìí iṣẹ́ ni yóò lọ yá. Sáà á parí, onítọ̀hún á bá owó tó pọ̀ jù lọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bí ẹni tó ń wú ẹ̀gẹ́ lóṣooṣù láti wò ó bóyá ó ti ta ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ní àwọn ń tún ẹgbẹ́ kọ́, bẹ́ẹ̀ wíwó ló pọ̀ níbẹ̀ ju kíkọ́ lọ.

Ará Kwara ò sì yẹ kó wá àpẹẹrẹ lọ síbi tó jìnnà. Rashidi Yekini, tó jẹ́ ọmọ Ìrá, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré Ìlọrin, lọ sí Vitória Setúbal ní ilẹ̀ Potogí ní 1990. Ẹgbẹ́ náà já lulẹ̀. Yekini kò sá. Wọ́n fún un láyè, òun náà fara dà á: ní sáà 1992 sí 1993, ó gbá góòlù 34 wọlé, wọ́n gòkè padà, ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó gbá 21, òun ló gbá góòlù jù ní líìgì àgbà Potogí. Ọdún 1993 náà ló di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ipò agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Góòlù tó gbá sí Bọ̀lùgéríà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé, gbogbo wa la rántí rẹ̀. Sùúrù ọdún púpọ̀ ló bí i.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni mò ń bẹ àwọn tó ń ṣàkóso Kwara United. Àkọ́kọ́, kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ kan, ọmọ agbègbè Ìgbómìnà tí Ìgbàjà wà yìí kó wà lára wọn, kí wọ́n fún àwọn àti akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní ọdún mẹ́ta gbáko, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fìdí rẹmi ní ọdún kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí èèyàn dúró ti òun, kí òun náà kọ́kọ́ dúró. Èkejì, bí ààyè bá wà, kí wọ́n máa tètè bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n bá ń gbá n'Ílọrin. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí ará Ìgbàjà tó délé, irú òkùnkùn yẹn kò sì dára fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà yìí mọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn tó ṣèlérí pé òun á gbé gbogbo wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí eré bá lè parí kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá ti ní kó fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún òun.