Ìyá Rẹ̀ Dà?

Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Kàlàbá, mo yà sí Drill Ranch, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ tí a gbà lọ́wọ́ ọdẹ àti ọlọ́jà. Ará Amẹ́ríkà méjì, Liza Gadsby àti Peter Jenkins, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1991. Ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní drill, olójú dúdú bí èédú, kò sí nínú igbó mìíràn láyé ju ti Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti erékùṣù Bioko lọ.

Olùtọ́jú kan ṣàlàyé fún mi pé, kí ọwọ́ tó tẹ ọmọ ọ̀bọ, wọ́n ti ní láti yìnbọn pa ìyá tí ó rọ̀ mọ́ láyà.

Ẹnu mi wọhò. Ní èwe mi, bàbá wa àgbà, tí ó jẹ́ ọdẹ, so ọmọ ìjímèrè kan mọ́ ìdí igi máńgòrò. A ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, a ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé ẹran pọ̀ nínú ọbẹ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ tí ó dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí a tó dá ọdẹ nìkan lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń ra ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì kọ́kọ́ béèrè ohun tí n kò béèrè lọ́jọ́ náà.