Ọmọ Tó Ń Gbé Inú Ojú

Ní agbègbè Mowe àti Ibafo níbi, àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC a máa há orúkọ ẹ̀yà ojú sórí: cornea, iris, pupil. Wọ́n mọ̀ pé pupil ni ihò dúdú àárín ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nínú oòrùn, fífẹ̀ rẹ̀ lè súnkì dé mìlímítà 2. Nínú òkùnkùn, ó lè tó 8. Òótọ́ ni wọ́n kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ní ìtàn, ó sì kàn wá.

Èdè Látìn ló ti wá. Pupa ni ọmọdébìnrin tàbí ọmọlangidi. Pupilla ni èyí tó kéré jọjọ. Kí Róòmù tó gbajúmọ̀ ni àwọn Gíríìkì ti ń pe ibẹ̀ ní korē, ìyẹn ọmọdébìnrin. Ní ilẹ̀ Íńdíà, nínú èdè Sanskrit, kanīnikā ni wọ́n pè é, òun náà sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọdébìnrin tan. Ìwé Alcibiades, tí wọ́n kà sí ti Plato, sọ ìdí rẹ̀: ẹni tó bá tẹjú mọ́ ojú ẹnìkejì rẹ̀ yóò rí àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn baba wa kò gbọ́ Látìn, wọn kò gbọ́ Gíríìkì. Síbẹ̀ ọmọlójú ni wọ́n pe ibẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n sì wo ojú ara wọn dáadáa.

Ìtọ́jú tún wà nínú orúkọ náà. Lábẹ́ òfin Róòmù, pupillus ni ọmọ òrukàn tí a fi sábẹ́ alágbàtọ́. Láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí pupil tó fi ń pe ọmọ iléèwé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ-ọmọ tí ìyá àgbà kì í fẹ́ kí ìyà jẹ ni à ń pè ní ọmọlójú, nítorí kò sẹ́ni tí í jẹ́ kí igi gún òun lójú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ti ń kọ pupil sára pátákó, ẹ kọ ọmọlójú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe àlejò nílé baba rẹ̀.