Bí Ọmọ Bá Ya Òkun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ọmọ máa ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá bá nídìí ààrò, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ bá ní, "Ẹ wò ó, mo ya òkun," kí ni ẹ máa ń fi dá a lóhùn? Ọ̀pọ̀ nínú wa a ní, "Ó dára," láìgbé ojú kúrò lára ìkòkò. Àwọn mìíràn a bú sẹ́rìn-ín. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ran ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lọ wo òkun ní Àgbádárìgì, ó dé, ó sì fi ọ̀dà yà á sórí aṣọ. (Òkun àti iyanrìn ni o, kò sí ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí bá mi jà.) Àlejò kan wò ó, ó bi í pé ṣé ọbẹ̀ ewédú ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà di búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó kọ ojú àwòrán sí ògiri, ó sì tó oṣù mẹ́ta tí kò fọwọ́ kan ọ̀dà. Lóòótọ́, àwọ̀ ewé pọ̀ jù nínú omi náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò fi ọ̀nà àtúnṣe hàn, kí ni ọmọ yóò fi ṣe?

Ọkùnrin kan tí ń kọ pátákó ní àdúgbò wa ni ó yí àwòrán náà padà. Kò kọ́kọ́ sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ó bi í pé, "Ibo lo dúró sí? Àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́?"

"Àárọ̀ ni, sà. Orí iyanrìn ni mo wà."

Ó wá fi ìka tọ́ ọ sí ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun: ìlà náà tẹ̀ sí apá kan, omi a sì máa dọ́gba. Ó ní ìgbì rẹ̀ rí bákan náà bí ebè oko. Kí àwọn tó wà nítòsí tóbi, kí wọ́n jìnnà síra, kí ti ọ̀nà jíjìn sì tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n súnmọ́ra. Omi ọ̀nà jíjìn a máa gba àwọ̀ ojú ọ̀run. Ibi tí ìgbì ti fẹ́ ya lulẹ̀, tí oòrùn ń là á kọjá, ni àwọ̀ ewé ti yẹ jù. Ìfóòfòó pàápàá kì í funfun níbi gbogbo, nítorí èyí tó wà lábẹ́ òjìji a máa dà bí eérú. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Iyanrìn tútù tó ń dán yìí, má fọwọ́ kàn án. O rí i dáadáa." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú ọmọ náà tú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ládàánì ni èmi, n kì í ṣe ayàwòrán, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀kọ́ yẹn láti ilé-kéwú. Áfà kì í fọ gbogbo wàláà nítorí hárúfù kan, a fi ìka sí i, a ní, "Tún un kà."

Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara wọn. Ní 1832, ní Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n gbé àwòrán òkun tí J. M. W. Turner yà, Helvoetsluys, kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán afárá Waterloo tí John Constable yà. Pupa ń tàn lára ti Constable. Ti Turner rí bí eérú. Turner wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó fi ọ̀dà pupa kan sórí òkun rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó ṣílè lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó padà wá, ó sọ ọ́ di àmì tó ń léfòó láti tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Kò tún òkun yà.

Bí ojú yín kò bá tó àbùkù àwòrán, ẹ gbé e síwájú dígí. Ìlà tó wọ́ a fara hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dúró tì yín, kí òun fúnra rẹ̀ rí i kí ẹ tó la ẹnu.