Òwú Tí Ó Kọjá Ọ̀tá

Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kan ní Ogbómọ̀ṣọ́, páálí ìṣáná di ọkọ̀ ogun. Ọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní irú eré tí Fred T. Jane, ará Ìlú Ọba, tẹ òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1898. Òfin tiwọn kò le: kí ayìnbọn na òwú láti ẹnu àgbá dé ara ọ̀tá, bí òwú bá kan ọkọ̀ tirẹ̀, kò gbọdọ̀ yìn.

Ogun Èkó ti oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ náà ni ó ni Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àgbá Ọba Kòsọ́kọ́ wà létí ọ̀sà. Teazer ti há sórí iyanrìn, bí ó ti há lóòótọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ tí kò lè yí kò lè yan ibi tí àgbá rẹ̀ yóò kọjú sí.

“Ẹ wò ó, Bùọ̀dá, òwú Bloodhound kò kan nǹkan kan.”

Ọkùnrin náà fa òwú náà kọjá àgbá Kòsọ́kọ́, títí ó fi wọ àárín àwọn ilé tí ọmọ náà fi ṣọ́ọ̀kì yà. Iná jó Èkó nínú ogun yẹn. Ọ̀yọ́ tirẹ̀ náà kò bọ́: ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, nígbà Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, Ọ̀gágun Bower yin àgbá sí ìlú náà.

“Àwọn tí ó wà nínú ilé ńkọ́?”

“Láti òní lọ, ilé tí òwú bá kàn, ayìnbọn ni yóò pàdánù máàkì.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà yí Bloodhound padà kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Kò tíì yìn.