Ìkòkò Tí Kò Ní Ìwé: Bí A Ṣe Kọ́ Ìlò Rẹ̀ Nílé Wa

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a fẹ́ lò kò bá ní ìwé, tí ẹni tí ó tà á kò sì sí nítòsí, ta ni a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Púpọ̀ nínú ẹrù tí àwọn ènìyàn wa ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni kì í ní ìwé àlàyé, nítorí pé àlòkù ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ìkòkò oníná mànàmáná tí àbúrò mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí wa láti Lọ́ńdọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń se oúnjẹ, fún wákàtí púpọ̀, nítorí náà ni a ṣe sọ ọ́ ní Ìkòkò Sùúrù nílé wa. Ìkòkò amọ̀ dídán ni ó wà nínú, irin tí ń gbóná ni ó yí i ká, dígí sì ni ìdérí rẹ̀.

Ládàánì ni mí, oorun òru kì í pọ̀ lójú mi nínú oṣù Rámádáànì. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ ní kí a gbìyànjú ìkòkò yìí, kí ó lè gba òun lọ́wọ́ dídáná sààrì ní aago 3 òru.

Ohun èlò tí kò ní ìwé sábà máa ń ní àkọlé lára. A dojú rẹ̀ dé, a sì ka ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀: 220–240 V, 50 Hz, 200 W. Agbára iná ilé ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba dọ́gba, 230 V ni, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀. Bí ẹ̀yin bá rí 120 V ní ìdí ti yín, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìlo tiransifọ́mà tí í dín agbára iná kù, yóò jóná. Ní ti 200 W, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, kò lè jẹ ju yúnìtì 1.6 lọ lórí mítà.

A kọ LOW, HIGH àti WARM sí iwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé iná kékeré, iná ńlá àti lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò sọ bí a ó ti lò ó. Ìyá mi ni ó là á yé wa. Ó ní, “Àkànní, ẹyín iná mà nìyí! Ṣé o ti gbàgbé bí mo ti í se ẹ̀wà ni? Mo máa ń gbé e ka ẹyín iná lẹ́yìn Ìṣáì, n ó dé e pa, ó di àsùbáà kí n tó ṣí i.”

Ọ̀rọ̀ ìyá mi bá ìtàn ìkòkò náà mu. Irving Naxon, ará Chicago ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1940. Ìyá tirẹ̀ ni ó ti sọ fún un pé, ní Lithuania, àwọn ìyá Júù a máa gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran lọ sí ilé oníbúrẹ́dì ní ọjọ́ Jímọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé wọn kì í dáná ní ọjọ́ ìsinmi wọn. Ooru ààrò ni yóò sè é di ọjọ́ kejì. Ilé-iṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ Naxon ní 1970, wọ́n sì ń ta ìkòkò náà ní orúkọ Crock-Pot láti 1971. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ni ó bí i.

A kò fi ẹran dán an wò ní ọjọ́ kìíní, omi ni a lò. A bu omi kún un ju ààbọ̀ lọ díẹ̀, a fi í sí LOW fún wákàtí 8, a sì ki òṣùwọ̀n ooru bọ̀ ọ́ ní kíá bí a ti ṣí i. Ó yẹ kí ó tó 85 Celsius. Tiwa kan 90. Èyí tí kò bá tó 85, kí ẹ má fi se ẹran rárá.

Ohun tí a ti wá mọ̀ nìyí. Oúnjẹ tí ó gba wákàtí 7 sí 8 lórí LOW yóò gba bíi 3 sí 4 lórí HIGH. WARM kì í se oúnjẹ, ohun tí ó ti jinná ni í mú gbóná. Kí oúnjẹ inú rẹ̀ wà láàárín ààbọ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má bu omi púpọ̀ sí i, nítorí pé oruku rẹ̀ kì í jáde, ara ìdérí ni í ti í kán padà. Ẹ má máa ṣí i wò, nítorí pé ìṣísílẹ̀ kan lè fi bí ìṣẹ́jú 20 kún àkókò rẹ̀. Ẹran tí ó dì kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ àfi bí ó bá ti yọ́. Ẹ sì má da omi tútù sí ìkòkò amọ̀ náà nígbà tí ó gbóná, yóò sán.

Ní ti ẹ̀wà pupa ńlá òkè òkun tí ó rí bíi kíndìnrín, ẹ ṣọ́ra. Májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná kékeré kì í pa. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi náà nù, kí ẹ bọ̀ ọ́ lórí sítóòfù kí ó hó gidigidi fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó gbé e sínú ìkòkò yìí.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó tóbi jù ni ti iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Ní òru kan nínú Rámádáànì, a gbé ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ kaná ní aago 9 alẹ́. Nígbà tí a jí fún sààrì, iná wà, ọbẹ̀ náà sì ń lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n aago oníná tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú 12:00. A mọ̀ pé iná ti lọ, ó sì ti dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ iye wákàtí tí kò fi sí. Ìyàwó mi ní kí a dà á nù. Ìyá mi kọ̀. Ó ní, “Àkànní, ìnáàkúnàá kò dára. Ẹ tún un gbé kaná, kí a jẹ ẹ́.”

Mo ní, “Ìyá mi, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹyín iná yín bá kú, eérú yóò sọ fún yín. Iná yìí kì í fi eérú sílẹ̀.”

Láàárín 5 sí 60 Celsius ni àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń pọ̀ kíákíá nínú oúnjẹ. Sísè é lẹ́ẹ̀kejì lè pa wọ́n, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn mìíràn ti tú sínú rẹ̀ kì í bá ooru lọ. Àgbà àti ọmọdé wà nílé, wọ́n sì fẹ́ gbààwẹ̀ mọ́jú. A da ọbẹ̀ náà nù. Inú ìyá mi kò dùn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n mú dàbínù, búrẹ́dì àti tíì wá.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ni a ń lò ó, lẹ́yìn ìrun Àyìlà, lórí HIGH, nígbà tí ojú ẹnìkan wà lára rẹ̀, kí oúnjẹ ìṣínu lè jinná. Bí iná bá lọ kí ó tó jinná, a ó gbé e lọ sórí gáàsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ti jinná, a kò ní jẹ́ kí ó ju wákàtí 2 lọ kí a tó jẹ ẹ́. Bí a kò bá mọ ìgbà tí iná lọ, a kì í jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí irú ìkòkò yìí bá wà nínú páálí nílé yín, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ ka ìdí rẹ̀, ẹ fi omi dán an wò, ẹ sì bi àwọn àgbà tí ó ti fi ẹyín iná dáná rí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oúnjẹ wa máa ṣe ara wa lóore. Àmín.