Ìrìn Àjò Wa sí Òkè Ẹfun Dover

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa ìdílé inú ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù wọ bọ́ọ̀sì, tàgbà tèwe, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù méjì, a sì forí lé Dover ní etíkun Kent.

Ẹ̀yin ará, òkè náà funfun bí ẹfun nítorí pé ẹfun gan-an ni. Ó ga fíofío lórí òkun, koríko tútù ló bo orí rẹ̀, àwọn ẹṣin kékeré sì ń jẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́, a rí ilẹ̀ Faransé ní òdìkejì omi. Atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ àgbà. Díẹ̀ ló kù kó gba gèlè lórí ìyàwó Pásítọ̀! A di ọwọ́ àwọn ọmọ mú pinpin, nítorí etí òkè náà a máa ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá wà nísàlẹ̀, ariwo rẹ̀ kì í dákẹ́. Síbẹ̀ a kò rí hòtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó lórí òkè yìí. A béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ aláàánú National Trust ló ni ilẹ̀ náà. Octavia Hill, agbẹjọ́rò Robert Hunter àti àlùfáà Hardwicke Rawnsley ló dá a sílẹ̀ ní 1895. Ní 1965 ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó láti ra etíkun tí ilé kò tíì bò. Lónìí, etíkun tó wà lọ́wọ́ wọn lé ní 700 máìlì. Ní Dover níbí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dáwó ní 2012 títí ó fi pé £1.2 mílíọ̀nù, fún ilẹ̀ tí kò tó máìlì kan. Ní 2017 wọ́n tún dá £1 mílíọ̀nù fún ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì pé oṣù kan.

Òfin 1907 jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà lè kéde pé ilẹ̀ kan kò ṣeé tà mọ́ láéláé. A rántí Nábótì, tó kọ̀ láti ta ogún bàbá rẹ̀ fún Áhábù. Nábótì kò ní òfin tó lè gbà á lọ́wọ́ ọba.

Ìyá àgbà kan nínú wa dákẹ́ títí. Ó ní Bar Beach ní Èkó ni òun ti máa ń gbàdúrà nígbà ọ̀dọ́ òun, lórí iyanrìn, láàárín àwọn aláṣọ funfun. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n sì ti rọ iyanrìn sí i, ilé gogoro Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Arákùnrin kan sọ fún un pé ẹgbẹ́ aláàánú Nigerian Conservation Foundation ń tọ́jú igbó kan ní Lẹ́kì láti 1990, hẹ́kítà 78, tí ọ̀bọ ṣì ń fò nínú rẹ̀ láàárín àwọn ilé ńláńlá.

Ìyá bi í pé, "Ta ló ń dáwó fún wọn nínú wa?"

A wo ojú ara wa. Kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, ìyá ti pa dà lọ sídìí àpótí ọrẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú etí ìró rẹ̀.